Ọjọ́ Méje Tí Wọ́n Fi Ṣọ́ Orí Mi

Irọ́ ni mo pa. Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba, mo na ìka sí ẹlòmíràn, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà nítorí ìka tí mo nà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí ẹ tó dé ibi tí mo ti ń sọ nípa òtútù àti ìdánìkanwà. Bí ẹ bá fẹ́ káàánú mi, ẹ lè káàánú mi díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ irú èèyàn tí ẹ ń káàánú.

Ọmọ Ẹdẹ ni mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, JS kejì ni mo ti dúró. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo ṣubú lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí a ń kọ orin orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Nígbà tí ojú mi là, pápá ti dá páropáro. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lẹ́yìn wíńdò, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ejò. Tíṣà kan ṣoṣo ló dúró, òun náà sì fi ààyè tó tó ọkọ̀ kan sí àárín wa. Wárápá ni. Wọ́n ní ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá ta sí lára, ó ti kó o nìyẹn.

Ìyá mi mú mi lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wa ní oògùn funfun kékeré kan tí mo gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́. Inú agolo mílíìkì ló ń kó o sí. Ó sọ fún àwọn ará agbolé pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Nílé wa, a kì í pe orúkọ àìsàn náà, “nǹkan yẹn” ni à ń pè é. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú kọ́ọ̀bù mi, ìyá mi á wo ọ̀tún, á wo òsì, á gbé e mu. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ìyẹn sọ fún mi nígbà náà. Mo kàn rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni.

*

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Ìlú Ọba kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Ẹdẹ, kí n tó rìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbé èrò, mo ti kí èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rin nínú wọn á sì ti bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Níbẹ̀, mo kí bàbá kan káàárọ̀ níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó gbé báàgì rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Lọ́jọ́ kejì, mo tún kí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù mìíràn.

Mo bá ara mi sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ rẹ, ta ni yóò mọ àìsàn rẹ? Mo rò pé mo ti fi nǹkan yẹn sílẹ̀ sí Ẹdẹ, àṣé inú orí mi ló jókòó sí tó fi bá mi wọ bàálù.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ríṣẹ́. Ẹ̀rọ ìlọṣọ kan wà níbẹ̀ tó gùn tó yàrá méjì, irin rẹ̀ ń yí, ó ń mí ooru bí ẹran ńlá. Iṣẹ́ mi ni kí n mú etí aṣọ, kí n tẹ́ ẹ sí i lẹ́nu kó gbé e mì. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ọ̀gá wa mú ọmọ tuntun kan wá síwájú mi, ó ní, “Wo ọwọ́ eléyìí. Bí mo ṣe fẹ́ kó o máa ṣe é nìyẹn.” Lọ́jọ́ náà, mo fi ẹsẹ̀ rin délé, mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí inú dídùn náà pẹ́ lára mi.

Ìgbà tó di oṣù karùn-ún ni mo ṣubú síwájú ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ òsì mi kan irin gbígbóná. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní, ó rí bí ewé.

Ọ̀gá náà kò lé mi. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ kankan mọ́ títí dókítà yóò fi kọ̀wé pé kò séwu. Ìwé náà ni gbogbo ayé mi wá so mọ́. Mo sọ fún ara mi pé bí mi ò bá rí i gbà, ilé ló yá.

*

Dókítà kọ́kọ́ lẹ wáyà mọ́ mi lórí fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ rẹ̀ ò rí nǹkan kan. Ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé ó dà bí ẹni tó dúró létí odò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tó wá ní kò sí ẹja nínú rẹ̀.

“A máa gbà ẹ́ sí wọ́ọ̀dù,” ó ní. “A máa ṣọ́ ọpọlọ rẹ tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ márùn-ún, ó lè di méje. A máa gba oògùn rẹ, a ó sì dúró de àìsàn náà.”

“Ẹ máa dúró dè é?”

“A fẹ́ kó wá. Bó bá wá, ẹ̀rọ á fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá, a ó sì mọ oògùn tó bá a mu.”

Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń lé e. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ pè é.

Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ ń dún bíi tẹni tó ń ṣọdún.

“Mùíbá ti rí ọkọ o! Wàsíù lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìwó ni. Àwọn èèyàn ẹ̀ ti wá mọ̀lé.”

Mùíbá ni àbúrò mi, àwa méjì náà ni ìyá wa bí. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe.

“Alihamdulilaahi, Màámi.”

“Alihamdulilaahi ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí ló kù. Wọ́n ti rán obìnrin kan wá sí agbolé lánàá, ó ní ọṣẹ dúdú lòun ń wá rà. Ọṣẹ dúdú wo? Ojú ẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó ń bi ìyàwó Àlàbá pé ọmọ mélòó ni mo bí, ṣé ara gbogbo wọn le.”

“Kí ni ìyàwó Àlàbá sọ?”

“Ó ní ara wọn le koko bí ota.”

Mo gbé e mì. “Màámi, wọ́n fẹ́ gbà mí sí ọsibítù níbí.”

Mo gbọ́ bó ṣe dìde, mo gbọ́ bó ṣe ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tó padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Nítorí nǹkan yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n fẹ́ kó ṣe mí níṣojú wọn.”

“Ẹlẹ́dàá mi o! Gbọ́ mi, ìwọ ọmọ yìí. Má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ibi tí àwọn ará Ìwó ò sí. Bí ẹyọ ẹnì kan bá rí ẹ, ó ti débí kó o tó jí.”

Ẹ̀yin náà mọ bí ìwádìí ṣe ń rí. Wèrè, ẹ̀tẹ̀, wárápá: bí ọ̀kan bá wà nínú ìdílé, àwọn àna ò ní bá yín jà, wọn ò ní sọ ìdí kankan. Wọ́n á kàn dákẹ́ ni, ọmọ yín á sì máa dúró.

*

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ wáyà náà mọ́ orí mi ń rùn bí èyí tí àwọn ṣúmékà ń lò. Wọ́n lẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi báńdéèjì wé gbogbo rẹ̀, wọ́n kó ìdí wọn wọ inú àpótí kékeré kan tí mo gbé kọ́ ọrùn. Kámẹ́rà kan wà lókè àjà tó ń wo bẹ́ẹ̀dì mi láìṣẹ́jú. Wọ́n fún mi ní bọ́tìnì kan tí mo máa tẹ̀ bí ara mi bá sọ fún mi pé ó ń bọ̀. Lára ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìlà wínníwínní ń sáré lọ, wọ́n ń gbọ̀n, wọn ò dúró. Ọpọlọ mi nìyẹn. Bí mo bá ṣẹ́jú, ìlà kan á fò sókè. Bí mo bá jẹun, gbogbo wọn á dàrú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà ò dé.

Nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin pẹ̀lẹ́tù kan, bi mí pé ṣé gbogbo oògùn mi ni mo ti kó sílẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé, mo fọwọ́ sí i. Káàdì oògùn kan wà nínú àpò tẹ̀súbàá mi nígbà tí mò ń fọwọ́ sí i.

Bí mo ṣe rò ó nìyí: bí nǹkan yẹn kò bá wá fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á kọ̀wé pé ara mi dá. Mo máa padà sídìí ẹ̀rọ mi, Mùíbá á sì wọlé ọkọ. Mi ò rò ó kọjá ibẹ̀. Láràárọ̀, mo máa ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo máa ń gbé hóró kan mì pẹ̀lú omi ẹ̀rọ, mo máa ń jáde wá dùbúlẹ̀ lábẹ́ kámẹ́rà bí ọmọ jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọlé, ó ní òun fẹ́ gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò orí. Ó ka orúkọ tó wà lára okùn ọwọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sí Yorùbá.

“Orúkọ ilé wa rèé! Ará ibo ni ẹ́, àbúrò?”

“Ẹdẹ ni, sà.”

“Ẹdẹ Màpó Arógun! Táófíkì ni tèmi. Ìwó ni mo ti wá, ọmọ odídẹrẹ́.”

Ó rí i pé ojú mi yí padà.

“Ẹ̀yin ará Ẹdẹ kì í rẹ́rìn-ín ni? Àbí wáyà ló ń dẹ́rù bà ẹ́? Bí òpó iná oríta Sẹ́kọ́nà ni orí ẹ ṣe rí. Ẹyẹ ló kù kó wá bà lé e.”

Mo rẹ́rìn-ín lódì sí ìfẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yà sọ́dọ̀ mi, kódà nígbà tí wọn ò rán an. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe ń kírun. Mo ní àlùwàlá ò ṣe é ṣe, orí mi ò ṣe é fi omi pa.

“Ta ló kọ́ ẹ ní kéwú? Ẹni tí wọ́n di orí ẹ̀, orí báńdéèjì náà ló máa fi ọwọ́ tútù pa. Ẹ̀sìn ò le tó bó o ṣe mú un.”

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìrẹsì àti ata díndín wá nínú kúlà. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó mi orí, ó jẹ́ kó fi sílẹ̀. Ó dúró tì mí bí mo ṣe ń jẹun, ó ń sọ ìtàn ewúrẹ́ bàbá rẹ̀ kan fún mi. Mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Mo rántí pé ewúrẹ́ náà ti wọ mọ́ṣáláṣí, a sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Àárín rẹ̀ ni mi ò rántí. Mo rò pé mo tòògbé ni.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wà nílùú yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì pè mí ní àbúrò. Bó bá ti pè é, ara mi á silẹ̀. Bó bá sì ti jáde tán, màá máa gbọ́ ohùn ìyá mi létí: ó ti débí kó o tó jí.

*

Ọjọ́ kẹta, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n tan iná kan tó ń ṣẹ́jú wàrà-wàrà sí mi lójú. Wọ́n ní kí n máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. Nǹkan yẹn ò wá síbẹ̀. Dókítà dúró síwájú àwọn ìlà náà, ó fọwọ́ lé ìgbáròkó. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Kò jókòó.

“Oògùn rẹ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ bí ọjọ́ tó o wọlé,” ó ní. “Ó yẹ kó ti máa lọ sílẹ̀. Ta ló ń fún ẹ?”

Mo ti ro ìbéèrè yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ká ní ó bi mí pé níbo ni mo ti rí i, bóyá ǹ bá jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ta ló ń fún ẹ, mo sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà sá jáde. Bí mo bá sọ pé tèmi ni, mo ti fọwọ́ sí irọ́, ìwé iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Bí mo bá sì dárúkọ ẹnì kan, ẹni náà ò ní wọ yàrá yẹn mọ́. Bí nǹkan yẹn bá wá dé, ará Ìwó kankan ò ní sí níbẹ̀ láti rí i. Ẹ̀rù ló ronú gbogbo ìyẹn. Rárá o. Èmi ni mo rò ó, orí mi pé.

“Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́,” mo ní. “Èyí tó gbé oúnjẹ wá.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Mo yọ káàdì tó kù nínú àpò tẹ̀súbàá, mo fún un. Ó wò ó, ó jáde. Bọ̀dá Táófíkì ò wá lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó kan ló ti kẹ̀kẹ́ wọlé, kò sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ keje ló dé. Òórùn irin gbígbóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kò sì sí irin níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnì, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi dé ibẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ọ̀sì àgbà di ọwọ́ mi mú, ó ń bi mí pé kí lorúkọ mi. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú yàrá. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo wíńdò, bí mo ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ pápá yẹn, kí n lè mọ ibi tí wọ́n sá sí. Ẹnikẹ́ni ò sá. Ara mi tutù, mo ti tọ̀ sára. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ bò mí ní pẹ̀lẹ́, ó ní, “O ṣeun. A ti rí i.”

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

*

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú wáyà, dókítà bi mí pé ṣé mo fẹ́ wò ó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò tíì rí nǹkan yẹn rí, èmi tó ń ṣe. Ohun tí gbogbo ayé fi ń sá fún mi, ìyá mi mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀ ọ́n, èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo wò ó. Ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ gan, ojú mi yí, ara tó kù wá tẹ̀ lé e. Ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, àwọn ìlà ọpọlọ mi ń bẹ sókè bí òjò tó ń ta lórí páànù. Dókítà fi ìka han ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún orí mi, ibi kékeré kan. Ó tó ìṣẹ́jú méjì, ó tán. Mo ronú pé ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí? Mo rò pé ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń gbọ̀n ni mo rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Ọ̀kan tún wà,” dókítà ní. “Kékeré ni. Nígbà tí à ń yẹ gbogbo ọjọ́ náà wò lẹ́yìn ni a tó rí i. Ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnì síbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì rò pé oúnjẹ tí ò ń jẹ ló da ìlà rú. Ọjọ́ kejì.”

Mo rí ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń jẹ ìrẹsì. Bọ̀dá Táófíkì dúró tì mí, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ewúrẹ́. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ń jẹ, kò sì sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ọwọ́ òsì mi ń ṣa nǹkan tí kò sí lára aṣọ. Ọkùnrin náà dákẹ́. Ó wò mí. Mo di ẹ̀gbẹ́ àga mú, mò ń retí pé kó fẹ̀yìn rìn.

Ó sún mọ́ mi ni. Ó tẹ bọ́tìnì. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi ní pẹ̀lẹ́, ó yọ áńkáṣíìfù inú àpò rẹ̀, ó nu itọ́ tó ń ṣàn lágbọ̀n mi. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ẹnu rẹ̀ ń lọ.

“Kí ló ń sọ?” dókítà bi mí. “Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè yín níbí.”

Dókítà tún un gbé sí i. Èmi ni mo ní láti túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní, rọra, àbúrò. Ó ní, mo wà níbí. Ó ní, kò sí ẹni tó ń wò ẹ́.”

Nínú àwòrán náà, nọ́ọ̀sì kan yọjú, Bọ̀dá Táófíkì bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì náà sì lọ. Ojú mi padà bọ̀ sípò. Bọ̀dá Táófíkì sì padà wá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó dá ṣíbí padà fún mi, ó ní: “Ni ewúrẹ́ náà bá wọ mọ́ṣáláṣí!” Mo rí ara mi bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ kejì ló ti mọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí mò ń na ìka sí i kó má baà mọ̀, ó ti mọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti gbé e mì.

Mo jẹ́wọ́ fún dókítà lórí àga yẹn. Ó pe nọ́ọ̀sì wọlé, mo tún un sọ. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò wò mí lójú. Ó ní ẹ̀jẹ́ńsì kan ló gba ọkùnrin náà síṣẹ́, pé wọ́n ti dá a dúró, pé òun máa kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi í pé ṣé wọ́n á gbà á padà. Ó ní òun ò mọ̀, pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà.

*

Nígbà tí mo pe ilé láti sọ ohun tí mo ṣe fún ìyá mi, Mùíbá ló gbé fóònù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, irọ́ tí mo pa àti ìdí tí mo fi pa á.

“Bọ̀dá mi, ẹ má da ara yín láàmú nítorí mi. Mo ti sọ fún Wàsíù láti bí oṣù mẹ́ta.”

“Ta ló ní kó o sọ?”

“Ta ló ní kí n má sọ?”

“Àwọn èèyàn ẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n ti dákẹ́.”

Àwa méjèèjì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ wa, tó dúró, tó tún lọ.

“Mùíbá, ó yẹ kó o bínú sí mi.”

“Mo sunkún fún ọjọ́ méjì, ó ti tó. Ilé tí mi ò ní lè dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ ti jẹun?”

Mo ti ń gbìyànjú láti mọ ibi tí mo ti jẹ́ ará ilé. Ní Ẹdẹ, wọ́n mọ̀ mí láti ìgbà tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ, wọ́n sì máa ń gbójú kúrò lára mi. Ní ilé ìwòsàn yẹn, wọn ò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí fún ọjọ́ méje, wọn ò gbójú kúrò. Mo fẹ́ sọ pé ibi tí wọ́n ti wò mí ló sàn jù. Ṣùgbọ́n ará ilé ló wò mí tó sì mọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni mo sì lé e jáde.

Wọ́n fún mi ní oògùn tuntun. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá báyìí tí mi ò ṣubú. Wọn ò dá mi padà sídìí ẹ̀rọ gbígbóná, ibi tí a ti ń ká aṣọ ni mo wà, mi ò ráhùn. Nígbà tí wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù ìlera níbi iṣẹ́, mo kọ orúkọ àìsàn náà síbẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú bírò.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi láti wá kí ilé. Lọ́jọ́ karùn-ún tí mo dé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwó. Bàbá kan ní mọ́ṣáláṣí ìlú tí mo wà ní Ìlú Ọba ló júwe agbolé Bọ̀dá Táófíkì fún mi. Ó ní ó ti padà sílé tipẹ́.

Oko adìyẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bójú tó. Mo bá a níbi tó ti ń bu omi fún wọn. Ó gbé korobá sílẹ̀.

“Màpó Arógun! Wọ́n ti tú òpó iná náà? Báwo lorí?”

“Ó ń sinmi, sà. Oṣù mọ́kànlá.”

“Alihamdulilaahi.” Ó sọ ọ́ bíi pé orí ọmọ rẹ̀ ni. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n bu omi wá.

A jókòó. Mo béèrè iṣẹ́, ó ní adìyẹ kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Mo béèrè ìgbà tó padà dé. Ó wo ilẹ̀.

“Wọ́n ní aláìsàn kan ló sọ pé mo fún òun lóògùn. Wọn ò dárúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ lẹ́tà pé mi ò jẹ̀bi, pé kí n má bínú. Mo ti dé Ìwó kí lẹ́tà náà tó bá mi.”

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì dákẹ́. Kò dákẹ́ bí ẹni tọ́rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó dákẹ́ bí ẹni tó sún díẹ̀ lórí ìjókòó kí ẹlòmíràn lè rí àyè jókòó. Mo mọ̀ pé èmi ló fi àyè náà sílẹ̀ fún.

“Ta lẹ rò pé ó jẹ́, sà?” mo ní.

Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

“Ẹni tó ṣe é mọ̀,” ó ní. “Mu omi ẹ.”

Mo mu ún. Mo ní ìyá mi ní kí n kí i, irọ́ sì ni, ìyá mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní kí n bá òun kí ìyá mi padà. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé títì, ó dá ọ̀kadà dúró fún mi. Ó tẹ̀ sétí ọlọ́kadà náà, ó rò pé mi ò gbọ́: “Rọra gùn ún o. Ara ẹ̀ ò fẹ́ eré.”

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí n padà. Láràárọ̀, ìyá mi ń bi mí pé ṣé mo ń jáde, mo ń sọ pé ó di ọ̀la. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo jẹ ọkùnrin náà: èmi ni, sà. Mo ti sọ ọ́ fún dókítà, mo ti sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo ti sọ ọ́ fún Mùíbá, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí. Òun nìkan ló kù.